Ẹnu Páìpù Ilé Ọ̀pẹ

Páìpù ló kọ́kọ́ bá mi wí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ìdérí ẹnu rẹ̀ tó wà ní ẹsẹ̀ ilé gogoro tí wọ́n ń pè ní Ilé Ọ̀pẹ ni, mo fẹ́ de họ́ọ̀sì mọ́ ọn, ni ohùn kan bá jáde láti inú rẹ̀. Ohùn obìnrin àgbà ni, ó ń dún bíi pé ìsàlẹ̀ kànga ló ti ń sọ̀rọ̀.

"Ta ló wà nísàlẹ̀ yẹn tó ń ṣílẹ̀kùn láìkí ènìyàn?"

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Kò sẹ́nì kankan. Omi ọ̀sà ń gbá ẹsẹ̀ ọkọ̀ wa, èéfín dúdú sì ń yọ lókè lọ́hùn-ún níbi tí ọrùn á ti máa dun ènìyàn kó tó rí i. Mo ní, Ìbídùnní, oòrùn ti ń pa ọ́. Mo ki họ́ọ̀sì bọ ẹnu páìpù, mo yí i títí ó fi dún kọ̀ọ̀, ohùn náà sì dákẹ́. Ta ló ń dá páìpù lóhùn nígbà tí iná ń jó?

Àwa panápaná Èpẹ́ kì í gun ọkọ̀ orí títì mọ́, nítorí títì ti wà lábẹ́ ọ̀sà kí wọ́n tó bí ìyá mi. Ọkọ̀ tiwa ń léfòó, ó sì ní ẹsẹ̀ irin mẹ́rin tó máa ń nà wọnú ẹrẹ̀ kó lè dúró gírí. Erin là ń pè é. Ẹni tó bá ti rí i níbi tó na ọwọ́jà rẹ̀ sínú ọ̀sà tó ń fa omi mu kò ní bi wá pé kí ló dé. Èmi ni mo ń tọ́jú ikùn Erin, ìyẹn pọ́ǹpù. Akínbọ̀dé ni olórí àwọn tí ń gbé họ́ọ̀sì kojú iná. Òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti so agbéniròkè tiwa mọ́ ògiri ẹ̀yìn ilé, wọ́n ti gòkè lọ tààrà sí àjà tó wà lábẹ́ iná. Èmi á fún un lómi, òun á fún iná lómi. Ohun tó so wá pọ̀ nìyẹn láti ọdún tí a ti ń ṣiṣẹ́, òun àti ẹjọ́ wíwí.

Òfin ilé gogoro ò gba àwàdà. Bí agogo iná bá ti dún, mànàmáná á kú, agbéniròkè àwọn onílé á dúró, àtẹ̀gùn á di ti panápaná nìkan. Oníkálukú á lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àjà tirẹ̀ títí a ó fi ṣe tán. Àwọn ẹyẹ onírin tí ń fò ò gbọdọ̀ súnmọ́ èéfín mọ́ láti ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ òkè ti gbá ọ̀kan gba ojú fèrèsé wọ yàrá ìyàwó ọ̀ṣìngín. Nítorí náà, omi ò ní ọ̀nà mìíràn tó lè gbà gòkè ju páìpù lọ, páìpù kan ṣoṣo láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tó la ẹnu kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àjà kọ̀ọ̀kan. Gbígbẹ ló máa ń wà. Ó ń dúró de irú ọjọ́ òní.

"Erin," mo ní, "yí i sí gíga."

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ẹ̀rọ," Erin dáhùn. Àwọn tó ṣe é kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ilé ju bí mo ṣe kọ́ àwọn ọmọ mi lọ. "Mo ti yí i sí gíga."

Kẹ̀kẹ́ irin méjì ló wà nínú ikùn Erin, wọ́n ní abẹ̀bẹ̀ lára, wọ́n sì ń yí débi pé ojú ò lè rí wọn. Bí iná bá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan á mu omi tirẹ̀, á sì tú u síta: omi á pọ̀, agbára á kéré. Ṣùgbọ́n bí iná bá wà lókè, kẹ̀kẹ́ kìíní á mu omi, á gbé e fún èkejì, èkejì á sì tún tì í lórí èyí tí èkínní ti tì. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan gbé ẹrù dé orókùn, tí ẹlòmíràn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tó gbé e dé orí. Omi á dín kù, agbára á di ìlọ́po méjì. A sì nílò agbára yẹn o, nítorí omi ò fẹ́ràn òkè. Ní gbogbo àjà mẹ́ta tó bá gùn, ìwọ̀n agbára kan ti kúrò lára rẹ̀. Kó tó dé ibi tí Akínbọ̀dé wà, ogún ti lọ. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni yóò fi jà. Nítorí náà, ọgbọ̀n ni mo fẹ́ rí lójú aago tó ń ka agbára omi kí ọkàn mi tó balẹ̀.

Ọwọ́ aago gòkè dé ogún, ó fi díẹ̀ kọjá a, ó sì dúró síbẹ̀.

"Ìbídùn!" Akínbọ̀dé ló ń pariwo nínú rédíò ọwọ́ mi. "Omi dà?"

"Ó ń bọ̀."

"Ṣé láti Ìlọrin ló ti ń bọ̀ ni? Ohun tó ń kán jáde níbí ò tó fi bọ́jú! Iná yìí ti jẹ ilẹ̀kùn kan tán, ó ń wo èkejì."

Mo ní kí Erin fi kún eré kẹ̀kẹ́. Ikùn rẹ̀ ké, ọkọ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ aago ò kúrò lójú kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Ẹ̀rọ," Erin ní, "omi tó ń jáde lọ́dọ̀ mi pọ̀ gan-an. Agbára rẹ̀ ni kò gòkè."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá mi dúró. Bí omi ò bá lọ, a jẹ́ pé nǹkan dí i lọ́nà. Bí ó bá wá ń lọ bí odò tí agbára ò sì gòkè, a jẹ́ pé ó ń rí ibòmíràn gbà jáde. Ihò wà níbì kan, ihò náà ò sì lè jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Kí Ọlọ́run má bínú sí mi, inú mi dùn díẹ̀. Bí àlọ́ ni ẹ̀rọ máa ń rí lójú mi, tí wọ́n bá ti pa á fún mi, mi ò lè ṣe kí n má já a.

Mo gbójú sókè. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àjà kẹjọ ṣí sí ojú ọ̀sà, mo sì rí wọn kedere. Wọ́n ti to korobá àti báàfù sẹ́nu páìpù, wọ́n ń pọn omi! Obìnrin kan ń da tirẹ̀ sára ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ kí iná tó wà lókè ọ̀run má baà wá bá a níbẹ̀. Lókè wọn, omi ń ṣàn lójú fèrèsé àjà mìíràn, àti òmíràn lókè ìyẹn.

"Ẹ pa á dé!" mo pariwo. "Ẹ pa ẹnu páìpù yẹn dé!"

Wọ́n juwọ́ sí mi tayọ̀tayọ̀. "Ẹ ṣeun o! Omi yín ń dé ọ̀dọ̀ wa dáadáa!"

Yéè! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún.

Alábòójútó ilé náà, Bàbá Ògúnṣànyà, dúró lórí afárá onípákó nítòsí mi, kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé rọ̀ sí i lọ́rùn. Mo kọjú sí i. "Bàbá, ẹ dákun, kí ló dé tí ẹnu páìpù panápaná ṣí ní gbogbo àjà?"

"Àárọ̀ ni," ó ní. "Wọn ò tíì kíra tán nígbà tí agogo dún."

"Wọn ò tíì kí kí ni?"

Ó wò mí bí ẹni tó bi í pé kí ni wọ́n ń fi ẹnu ṣe. "Ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni ìjọba ń jẹ́ kí oníkálukú gun agbéniròkè. Ará àjà kẹta lè lo ọdún kan gbáko kó má fojú kan ará àjà àádọ́ta. Ṣé kí wọ́n má wá kíra wọn mọ́ ni? Ọmọ káàárọ̀-oòjíire mà ni wọ́n! Inú páìpù yẹn ni a ti ń kíra láràárọ̀. Ìyá Òkè ló ń kọ́kọ́ ṣí tirẹ̀. Àgbà ilé ni, òun nìkan ló ń gbé àjà ọgọ́ta, ní ẹ̀gbẹ́ oko ewébẹ̀ orí òrùlé. Gbogbo àjà á ṣí tẹ̀lé e, ará ìsàlẹ̀ á kọ́kọ́ kí i, a ó máa kíra wa gòkè. Tó bá ti ní 'ó dàárọ̀', tó pa tirẹ̀ dé, àwa náà á pa tiwa dé láti òkè wá sísàlẹ̀."

"Bí òun ò bá wá pa á dé ńkọ́?"

"Ta ló máa ti ilẹ̀kùn mọ́ àgbà lẹ́nu?"

"Bàbá, ohun èlò iná nìyẹn!"

"Páìpù tó wà lásán látọjọ́ tí wọ́n ti kọ́lé. Ohun tó bá wà lásán, ènìyàn á wáṣẹ́ fún un." Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà, ó jọ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ. "Áà! Ìyá Òkè ṣì wà lókè. Ẹsẹ̀ wọn ò gbé àtẹ̀gùn mọ́. Abẹ́ wọn gan-an ni iná yẹn wà."

Ohùn tó bá mi wí níṣàájú wá padà sí mi létí.

Mo pe Akínbọ̀dé, mo ní kó rán ẹnì kan sọ̀kalẹ̀ kó máa pa ẹnu páìpù dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní àtẹ̀gùn àjà àádọ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nìyẹn, ìgbà tónítọ̀hún bá fi ṣe ìdajì, àwọn ti di ẹran sísun. Òótọ́ ló sọ. Kò sí iná mànàmáná tí a lè fi kéde. Inú páìpù nìkan ni ọ̀rọ̀ lè gbà kárí ilé náà, omi ló sì kún inú rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, àfi kí n dá omi dúró.

"Erin, dáwọ́ dúró."

"Òfin ní kí n kọ́kọ́ bi yín," Erin ní, ohùn rẹ̀ ò yí padà. "Ẹni tó bá dá omi dúró tí iná ń jó, òun ni yóò jẹ́jọ́ ohunkóhun tí iná bá jẹ láti ìṣẹ́jú yẹn lọ. Ṣé ẹ̀yin lẹ pàṣẹ? Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ yín lé ibí."

Àwo dígí kékeré kan tàn lára rẹ̀. Mo mọ ọ̀gá pọ́ǹpù kan tó gbé ọwọ́ lé irú àwo yẹn rí, ọ̀gá tó mọṣẹ́ jù mí lọ. Ó ń tún àwọ̀n ẹja ṣe ní Ẹ̀jìnrìn báyìí, kò sì jẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Tí mo bá jẹ́ kí omi máa ṣàn báyìí, kò sẹ́ni tó máa bi mí ní nǹkankan. Mo ti ṣe ohun tí òfin wí. Omi tó ń kán lókè yẹn á sì máa kán lọ títí ilẹ̀ yàrá Ìyá Òkè á fi jó wọlẹ̀.

"Akínbọ̀dé," mo ní, "mo fẹ́ gba omi lọ́wọ́ yín fún ìgbà díẹ̀."

"Kí lo wí? Orí ẹ ti dàrú ni?"

"Jọ̀ọ́, gbà mí gbọ́."

Mo ń gbọ́ bí iná ṣe ń ta pàrà-pàrà lẹ́yìn rẹ̀. "A ó dojú bolẹ̀," ó ní níkẹyìn. "Ìbídùn, tètè."

Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé e. Kẹ̀kẹ́ inú Erin rọlẹ̀. Mo kọ́kọ́ ṣí ihò ìdómisílẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù, nítorí omi tó ga tó ilé kan lè gbá ènìyàn sọnù sínú ọ̀sà. Ó tú jáde pẹ̀lú ariwo, ó ń pariwo lọ, ó ń pariwo lọ, mo rò pé kò ní tán láéláé. Nígbà tó tán, mo tú họ́ọ̀sì, mo ki orí mi bọ ẹnu páìpù tó ń kán tótó.

"Ẹ̀yin ará Ilé Ọ̀pẹ!"

Gbogbo wọn fọhùn lẹ́ẹ̀kan náà. "Omi ti dáwọ́ o!" "Ẹ tún fún wa sí i!" "Ta nìyẹn?" "Báàfù mi ò tíì kún!"

"Ẹ dákẹ́," ni ohùn kan wí láti ọ̀nà jíjìn réré. Wọ́n dákẹ́ lọ́gán. "Ìwọ tó ṣílẹ̀kùn láìkí ènìyàn nìyẹn?"

"Èmi ni, Mà. Panápaná ni mí. Ẹ dákun, Mà, ẹ pa ẹnu páìpù yín dé. Bí ẹ ò bá pa tiyín dé, kò sẹ́ni tó máa pa tirẹ̀ dé. Bí wọn ò bá sì pa á dé, omi ò ní lágbára tó lè dé ibi iná."

Ó wúkọ́, ó pẹ́ lórí ẹ̀. "Ilẹ̀ ti ń gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ mi," ó ní, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ń sọ pé iyọ̀ ò tó nínú ọbẹ̀. "Èéfín ti gba yàrá, mi ò rí ọwọ́ ara mi mọ́. Ohùn yín nìkan ló kù mí kù. Bí mo bá pa á dé, ta ló máa mọ̀ bóyá mo ṣì wà?"

Ẹ bi mí léèrè nípa kẹ̀kẹ́ àti agbára omi, màá dáhùn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n kí ni ènìyàn ń sọ fún ẹni tó ń bèèrè irú ìyẹn? Irọ́ wá sí mi lẹ́nu, mo gbé e mì.

"Màmá, mi ò lè ṣèlérí pé nǹkan ò ní ṣe yín. Ohun tí mo lè ṣe ni pé tí iná bá ti kú, màá pè yín kẹ́ ẹ ṣí i. Kó tó dìgbà náà, ẹ má ṣí i rárá. Bí omi bá bá ẹnu rẹ̀ ní ṣíṣí, ọ̀dọ̀ yín ni gbogbo agbára yẹn máa tú sí."

"Ìwọ fúnra rẹ lo máa pè mí?"

"Èmi fúnra mi ni, Mà."

"Kí lorúkọ rẹ?"

"Ìbídùnní."

"Ìbídùnní," ó ní. Ó tún un pè bí ẹni tó ń tọ́jú nǹkan sí ìdí aṣọ. "Ó dáa. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti gbọ́ ohùn yín lónìí. Ó dàárọ̀ o."

"Ó dàárọ̀ o, Mà!" Gbogbo ilé ló dáhùn, ohùn wọn sì gba orí mi kọjá bí atẹ́gùn. Lókè lọ́hùn-ún, irin lu irin: kì! Lẹ́yìn náà, òmíràn, ó súnmọ́ mi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kì. Kì. Ó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ lájà-lájà. Ẹnì kan ń sunkún ní àárín ilé, títí tí ìdérí tirẹ̀ fi gé ẹkún náà. Obìnrin oní-báàfù ti àjà kẹjọ ní "ó dàárọ̀ o, ẹ forí jì wá o", ó sì pa tirẹ̀ dé. Ó wá ku èmi nìkan.

Mo dí ihò ìdómisílẹ̀, mo de họ́ọ̀sì padà. "Erin, gbé e!"

Mo ti ń tọ́jú pọ́ǹpù láti ìgbà èwe mi, mi ò tíì rí i kó gbé omi bíi tọjọ́ náà. Ọwọ́ aago gun ogún, ó gùn ún kọjá, ó ń lọ wọ́ọ́rọ́ láìdúró, ó bá ọgbọ̀n, ó sì fi ọ̀kan lé e. Páìpù le gbagidi lábẹ́ ọwọ́ mi.

"Ó dé!" Akínbọ̀dé ké. "Olúwa mi ò, ó dé! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú! Ẹ dì í mú, ẹ̀yin ọmọ, ẹ dì í mú!"

Mo jókòó sílẹ̀ sínú omi tí mo tú dànù, mo ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀. Ẹ̀rín náà ò pẹ́. Nígbà tí Akínbọ̀dé tún fọhùn, ó ní iná ti kú, ṣùgbọ́n ó ti bọ́ sí ilé méjì mìíràn ní àjà náà lásìkò tí wọn ò lómi, iná sì ti jó ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ lápá.

"Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀," Erin ní. "Ilé méjì, apá kan. Ìgbìmọ̀ yóò ránṣẹ́ sí yín."

"Kọ ọ́," mo ní. "Òótọ́ ni."

Mo dá omi dúró, mo jẹ́ kí páìpù gbẹ, mo tú họ́ọ̀sì. Mo ki orí mi bọ inú rẹ̀. "Màmá! Iná ti kú! Ẹ ṣí i!"

Kò sí èsì. Mo tún pè. Ìgbà kẹta ni ọgbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù mí. Ta ni mò ń pè nínú páìpù tí ẹnu rẹ̀ wà ní dídé? Gbogbo ilé ló ti pa tirẹ̀ dé, wọ́n ń dúró dè é, òun náà sì ń dúró dè mí. Mo ti fi ìlérí tí kò ṣeé mú ṣẹ ti àgbà mọ́lé. Èmi tí mo ní mo mọ bí nǹkan ṣe ń lọ nínú páìpù!

"Akínbọ̀dé, Ìyá àgbà kan wà lókè yín!"

"A ti ń gun àtẹ̀gùn lọ. Ó ti jó wó níbì kan, ó máa gbà wá lákòókò."

Mo wo páìpù náà. Irin ni. Mo mú sípánà ńlá, mo fi kan ara rẹ̀ pẹ̀lẹ́, bí ènìyàn ṣe ń kanlẹ̀kùn ilé onílé. Kò, kò, kò. Mo gbé etí lé e. Kò sí nǹkan. Mo tún kàn án, ó le díẹ̀. "Àgò o," mo ní sábẹ́ ẹnu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè gbọ́. "Àgò onílé o." Omijé ń bọ́ lójú mi, mi ò sì nù ún.

Kì.

Ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé etí mi ló ń tàn mí. Lẹ́yìn náà, kì, kì, kì, gbogbo àjà ń ṣí tẹ̀lé e, ó ń sọ̀kalẹ̀ wá bá mi. Páìpù ṣí láti òkè dé ilẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Mo ń gbọ́ èémí gbogbo ilé.

Bàbá Ògúnṣànyà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí etí mi. "Ìwọ lo wà nísàlẹ̀ jù," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́. "Ará ìsàlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kí."

Mo kúnlẹ̀ lórí pákó afárá náà pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ mi tó ti rin gbingbin. "Ẹ kú àárọ̀ o, Mà."

Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ikọ́, ikọ́ gígùn kan tó sọ̀kalẹ̀ la gbogbo ilé kọjá.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni Ìyá Òkè wí. "Ṣé bó ṣe yẹ kó o ti ṣe láti ìdájí nìyẹn? Ìbídùnní, ṣé dáadáa lo jí?"